Ìwọ̀n Ìdí

Ní Ìbàdàn, ìdí igi la fi ń júwe ọ̀nà.
Ìdí-Arẹrẹ ni bàbá mi ti ránṣọ títí ojú fi ṣú u,
Ìdí-Àpẹ́ ni èmi ti ń kọ́ṣẹ́ alùpùpù;
láàárín ìdí méjèèjì, tépù kan ló tẹ̀ lé mi,
tépù aṣọ tó pọ́n bí ìyeyè,
nọ́ńbà ọ̀kan dé méje ti pa rẹ́ lórí rẹ̀.

Láníhùn oníṣìmẹ́ǹtì gbé máṣìn rẹ̀ dé,
pupa, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tí kì í gbé èrò.
“Ó ń bá mi ṣagídí,” ló wí.
“Bí mo bá dé kọ́nà ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́,
mo tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún,
ó lóun ń lọ sínú oko kòkó olóko.
Ẹ bá mi ló sípíríǹgì ẹ̀yìn
títí yóò fi le bí ojú ìyá ọkọ.”

Ọ̀gá Tìámíyù fi àtàǹpàkò ti ìjókòó,
ó jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán kí ó tó fèsì.
“Líle kọ́ ni gíga.
Ṣìfáwù, wọn ìdí rẹ̀ fún mi.”

A fi jáàkì gbé e. Táyà ẹ̀yìn ń rọ̀ dirodiro
bí ẹsẹ̀ ọmọ tí a gbé sókè kó má baà tẹ ẹrẹ̀.
Mo fi bírò fa ìlà sí abẹ́ ìrù rẹ̀,
mo wọ̀n láti ibẹ̀ dé àárín nọ́ọ̀tì táyà:
mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
Mo tún un wọ̀n: mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ dé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta mọ́.
Ọ̀gá gba tépù, ó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà onírin:
ó ti fi ìbú èékánná kan gùn ju òtítọ́ lọ.
Ogójì ọdún ìdí obìnrin ló fà á.
Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú ta mí díẹ̀.

Tépù onírin kò mọ bàbá ẹnì kankan.
Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta géérégé, lẹ́ẹ̀mẹta.

A sọ máṣìn kalẹ̀. Láníhùn wọ ẹ̀wù awọ, ó gùn ún,
Ọ̀gá di orí rẹ̀ mú níwájú.
Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn, mo rí i tí ọkùnrin yìí fa ikùn wọlé,
bí ẹni pé ikùn tí a fà wọlé kò wúwo mọ́.
Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe tèmi:
“Ẹ mí. Ẹ má fún ikùn.
Ara tí ẹ ó gbé jáde ni ká wọ̀n.”
Bí bàbá mi ti ń wí fún ìyàwó ọ̀ṣìngín nìyẹn,
píìnì mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀.
Láníhùn mí. Ìgbànú rẹ̀ ké.
Mẹ́tàléláàádọ́ta àti ààbọ̀.

“Ó rì bó ṣe yẹ,” ni Ọ̀gá wí. “Sípíríǹgì kò jẹ̀bi.
Ìdí ló rẹlẹ̀, ni iwájú fi ń lọ́ra láti yí.”
Wáṣà kan, mìlímítà mẹ́ta péré,
la tẹ́ sórí ṣọ́ọ̀kì;
ìdí gòkè ní mẹ́fà.
Bí apá irin abẹ́ rẹ̀ ti ń ṣòwò nìyẹn:
fún un ní ẹyọ, á san án ní méjì.
Láníhùn ní ká fi òmíràn kún un.
“Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Bó bá ga jù, yóò máa mi orí fún ọ lórí eré,
èmi kò sì ní sí níbẹ̀ láti dì í mú.”

Ó lọ kí wọ́n tó kírun alásàrí.
Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, eruku ọ̀nà lórúnkún rẹ̀ ọ̀tún.
“Ó yí,” ló wí,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù,
mo fa aṣọ mọ́ra lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
mo fi tépù bàbá mi wọn ìdí ara mi.
Iye tó pè kéré sí tòótọ́.
Abájọ.
Abájọ tí àwọn obìnrin Ìdí-Arẹrẹ
kò fi gbà kí ẹlòmíràn wọn àwọn.